Iyán Iṣu Tuntun: Láti Kabba dé London

Ní ilé wa, kò sẹ́ni tó ń fi iṣu tuntun kan ẹnu kí Màmá, ìyá bàbá mi, tó tọ́ ọ wò. Ọmọ Owé ní Kabba ni wọ́n, inú oko ni wọ́n sì dàgbà sí. Bí iyán bá délẹ̀ tán, wọ́n á dárúkọ àwọn tó ti lọ, wọ́n á bu òkèlè kan, lẹ́yìn náà la tó máa jẹun. Àmọ́ ó pẹ́ tí ẹbí wa ti kúrò ní Kabba. Ìtàn bí oúnjẹ yìí ṣe tẹ̀ lé wa ni mo fẹ́ sọ.

Àwọn òyìnbó ka ilẹ̀ Okun mọ́ Àríwá, Kaduna sì ni olú ìlú Àríwá. Nítorí náà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Okun tó kàwé ti rí iṣẹ́ ìjọba; Sunday Awóníyì ará Mopa wà lára wọn. Bàbá àgbà náà lọ. Ní 1967 tí wọ́n pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12, ilẹ̀ Okun bọ́ sí èyí tí a wá ń pè ní Kwara. Ní 1991, ó di ara Kogi. Ní gbogbo ìgbà yẹn, Kaduna ni ẹbí wa wà. Odó bá wọn lọ láti Kabba, iṣu sì ń ti ilé wá nínú ọkọ̀ lọ́dọọdún.

London ló wá ṣòro. Nígbà tí àǹtí mi débẹ̀, iṣu Ghana ni wọ́n bá lọ́jà. Nàìjíríà ló ń kórè iṣu jù lọ lágbàáyé, ṣùgbọ́n òfin ọdún 1989 kò gbà kí a kó o lọ tà ní òkè òkun. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017 ni ìjọba tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ọ̀nà náà. Ọmọ àgbẹ̀ oníṣu wá ń fi iṣu oníṣu ṣe ọdún.

Màmá béèrè lórí fóònù pé, "Iṣu ibo ni?"

"Ti Ghana ni, Màmá."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ilẹ̀ náà ló hù ú. Ẹ gún un."

Àwọn ọmọ jókòó ti iyán títí Màmá fi dárúkọ àwọn tó ti lọ tán lórí fóònù.

Ní 2019, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé e jáde pé àgbègbè odò Ọya, láàárín ìlà-oòrùn Ghana àti ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ni iṣu funfun ti ṣẹ̀ wá láti ara iṣu igbó. Ẹ ò rí i pé iṣu Ghana kì í ṣe àlejò sí wa.

Màmá ti lọ báyìí. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ àǹtí mi pè láti London: "Ta ni ká dúró dè?" Kò sẹ́ni tó tètè dáhùn. Nígbà tó yá, bàbá mi gba fóònù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ. Orúkọ Màmá ni wọ́n kọ́kọ́ pè.