Eyín Ìdí Ọkọ̀: Ìtàn Táyà Ńlá àti Áásù Lọ́nà Oko

Ẹni tó bá fẹ́ kí jíìpù òun máa gba ọ̀nà oko agbègbè Obbo-Aiyegunle, láti Osi títí lọ sí ìhà Iloffa, táyà ló kọ́kọ́ máa ń ronú kàn. Òkè kan kì í tíì tán níbẹ̀ kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀, àfonífojì tó wà láàárín wọn a sì di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ lásìkò òjò. Táyà gíga a gbé ikùn ọkọ̀ kúrò nílẹ̀, a sì ré kọjá kòtò tó ń gbé táyà kékeré mì. Ohun tí kì í hàn sí ẹni tó ń ka owó fún oní-táyà ni pé ó ti yí gíà ọkọ̀ rẹ̀ padà láì fọwọ́ kan gíábọ́ọ̀sì.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Nínú ìdí ọkọ̀, tí wọ́n ń pè ní áásù, píníọ̀n kékeré tí pùròpẹ́là ń yí ló ń yí kíráùn ńlá, kíráùn ló sì ń gbé agbára lọ sí ẹsẹ̀ méjèèjì. Bí píníọ̀n bá ní eyín 10, tí kíráùn ní 41, pùròpẹ́là ní láti yí nígbà 4.1 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. 4.10 ni wọ́n ń pe irú áásù bẹ́ẹ̀, ó sì wọ́pọ̀ nídìí Hilux. Ẹ jẹ́ ká ní táyà tó bá ọkọ̀ náà wá ga ní íǹṣì 29, ẹni tó ni ín wá fi ti íǹṣì 33 rọ́pò rẹ̀. Táyà tuntun ń jẹ ilẹ̀ púpọ̀ sí i ní gbogbo ìgbà tó bá yí, nítorí náà 4.10 yẹn á máa ṣe bíi 3.60. Ẹ́ńjìnì á máa mí hẹlẹhẹlẹ lórí òkè, kílọ́ọ̀ṣì á máa jó, gíà karùn-ún á di ọ̀ṣọ́ lásán. Láti dá agbára àtijọ́ padà, ẹ fi 33 sọ 4.10 di púpọ̀, kí ẹ fi 29 pín in: ó di 4.67. Àwọn tó sún mọ́ ọn tí wọ́n ń tà ni 4.56, tó jẹ́ eyín 41 sí 9, àti 4.88, tó jẹ́ 39 sí 8. Ẹni tí ọ̀nà ọlọ́dà pọ̀ nínú ìrìn rẹ̀, 4.56 tó o. Ẹni tó ń kó iṣu jáde lóko, 4.88 ni kó wá.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dàgbà tó ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ford Model T tí wọ́n gbé jáde ní 1908 ní eyín 40 sí 11 nídìí, ìyẹn 3.64. Nígbà tó di 1917, Ford fẹ́ kí ọkọ̀ náà di lọ́rì tó ń ru tọ́ọ̀nù kan, tí wọ́n pè ní TT. Wọn kò pààrọ̀ ẹ́ńjìnì. Ìdí ọkọ̀ ni wọ́n pààrọ̀: wọ́n fi píníọ̀n tó rí bíi sùkúrúù sí i, ó sì sọ 3.64 di 7.25. Lọ́rì náà kò lè sáré mọ́, ṣùgbọ́n ẹrù kì í dá a dúró. Nílẹ̀ wa, ọ̀nà mọ́tò ti ń là nígbà náà; láti 1906 ni wọ́n ti la ti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Ní Ìbàdàn, Sàlámì Agbájé wà lára àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó kọ́kọ́ fi lọ́rì ṣòwò. Kòkó ló ń sanwó lọ́rì láyé ọjọ́un, inú igbó ni kòkó sì wà, kì í ṣe etí títì.

Ogun Àgbáyé Kejì ló mú áásù iwájú wọ ọ̀rọ̀ náà. Jíìpù Willys tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní 1941 ní 4.88 níwájú àti lẹ́yìn. Land Rover tó jáde ní Gẹ̀ẹ́sì ní 1948 tẹ̀lé ìpasẹ̀ rẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi fìdí kalẹ̀ sórí 4.7, eyín 47 sí 10. Ọkọ̀ yìí ló gbé ajẹ́lẹ̀, dókítà àti òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn káàkiri abúlé wa, nígbà tó sì yá, Leyland ń tò ó pọ̀ ní Ìbàdàn. Land Rover kúkúrú wọ táyà 6.00-16, èyí tó gùn wọ 7.50-16 tó ga jù ú lọ dáadáa, síbẹ̀ 4.7 kan náà ló wà nídìí àwọn méjèèjì. Èyí tó ń ru ẹrù ni wọ́n fún ní gíà tó le jù! Nígbà tí wọ́n ṣe èyí tó ń ru tọ́ọ̀nù kan ní 1968, tó wọ táyà 9.00-16, ojú wọn ti là. Wọn kò fọwọ́ kan eyín ìdí rẹ̀; gíábọ́ọ̀sì kékeré tó ń pín agbára síwájú àti sẹ́yìn ni wọ́n dín eré rẹ̀ kù.

Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ mọ bí áásù ṣe ń jìyà nílẹ̀ Yorùbá, agbégilódò ni kó wò. Lọ́rì Bedford àti Austin tó ń kó gẹdú láyé ọjọ́un láti igbó Oǹdó, Èkìtì àti Ìjẹ̀bú lọ sí Òkò Bàbá ní Ẹ̀búté Mẹ́ta ni mò ń wí. Ó ń lọ sínú igbó lófìfo, ó ń bọ̀ pẹ̀lú ìtì igi tí wọ́n fi ṣéènì dè, ojú ọ̀nà tó sì ń gbà kò ju ibi tí wọ́n ṣán lánàá lọ. Bó bá ń gòkè, ẹkún gíà kìn-ín-ní ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ kí ẹ tó rí imú rẹ̀. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ kì í jókòó: ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn pẹ̀lú wẹ́ẹ̀jì onígi lọ́wọ́, bí ọkọ̀ bá ti fẹ́ yí padà, á jù ú sábẹ́ táyà. Bó bá jáde síta tán, ọkọ̀ kan náà yìí gbọ́dọ̀ rin ọ̀nà ọlọ́dà dé Èkó. Áásù tó mọ òkè gun kì í mọ eré sá.

Irú ìyà yìí ni áásù oníyípo méjì tí Eaton ṣe ní Amẹ́ríkà wá wò sàn. Ẹni tó bá lè sanwó lé owó Bedford lè béèrè fún un. Bọ́tìnnì kékeré kan wà lára ọ̀pá gíà. Bí dírẹ́bà bá tì í sísàlẹ̀, tó sì gbé ẹsẹ̀ díẹ̀ kúrò lórí iná, àwọn eyín kéékèèké tó wà nínú kíráùn á bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ìdí ọkọ̀ á sì bọ́ sí èyí tó lágbára. Bó bá fà á sókè padà, ó di ti eré. Gíà mẹ́rin di mẹ́jọ. Lójú tèmi, kò sí ohun tó bá ọ̀nà ilẹ̀ wa mu tó báyìí nínú gbogbo ìtàn lọ́rì.

Owó epo rọ̀bì wá sọ ọ̀nà di ọlọ́dà. Títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣí ní 1978, Peugeot tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láti 1975 sì kún ojú ọ̀nà. Áásù ọkọ̀ igbó náà ń tẹ̀lé ọ̀dà lọ káàkiri ayé. Range Rover tó jáde ní 1970 wá pẹ̀lú 3.54, eyín 46 sí 13. Nígbà tí Land Rover gbé One Ten jáde ní 1983, òun náà gba 3.54. Àǹfààní kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í rí: píníọ̀n eléyín 13 sanra ju eléyín 10 lọ, kì í tètè kán. Bí ẹ bá ṣe ń wá agbára lọ sí 4.88, bẹ́ẹ̀ ni píníọ̀n ń tín-ín-rín sí i, táyà wúwo sì ń fà á. Ìdí nìyí tí Unimog àwọn ará Jámánì, láti kété lẹ́yìn ogun, fi pín iṣẹ́ náà sí méjì: díẹ̀ nínú kíráùn, ìyókù nínú họ́ọ̀bù ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Típà Howo tó ń kó òkúta lójú ọ̀nà wa lónìí ń lo ọgbọ́n họ́ọ̀bù yìí náà.

Nítorí náà, ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ń wọlé báyìí, áásù ayé ọ̀dà ló gbé wá. Àwa wá ń fi táyà igbó wọ̀ ọ́, nígbà mìíràn fún fáàrí lásán, a sì ń bínú pé ẹ́ńjìnì kò dára. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ áásù lè wá a dé Gate ní Ìbàdàn tàbí Ládìpọ̀ ní Mushin, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ mọ èyí tó wà nídìí ọkọ̀ rẹ̀. Mẹkáníìkì gidi kò ní tú u kó tó mọ̀. Á fi ọkọ̀ sí nútírà, á fi wẹ́ẹ̀jì dí àwọn táyà yòókù, á fi jáàkì gbé táyà ẹ̀yìn kan ṣoṣo sókè, á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i lára, á sì sàmì sí pùròpẹ́là náà. Á yí táyà náà lẹ́ẹ̀mejì géérégé, nítorí pé èyí tó wà nílẹ̀ kò yí, ìdajì ìyípo ni kíráùn ń gbà. Iye ìgbà tí pùròpẹ́là bá yí ni iye áásù náà: mẹ́rin àti díẹ̀, 4.10 nìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé márùn-ún, 4.88 ni.

Ní ọkọ̀ fóò-wíìlì, ti iwájú gbọ́dọ̀ bá ti ẹ̀yìn dọ́gba. Ẹni tó fi 4.88 sẹ́yìn tó fi 4.10 sílẹ̀ níwájú lè máa rìn lórí ọ̀dà láìsí wàhálà, ọjọ́ tó bá ti fa fóò-wíìlì nínú ẹrẹ̀ ni áásù méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í bára wọn jà, ohun tó bá sì rọ̀ jù nínú wọn á fọ́. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì ká áásù méjì, kó dúró sórí táyà tó bá ọkọ̀ rẹ̀ wá, tàbí kó má ju íǹṣì kan tàbí méjì lọ. Mítà eré náà ń parọ́ lórí táyà ńlá: bó bá kọ 80, ọkọ̀ ti ń sá 91 lórí íǹṣì 33 tó rọ́pò 29. Lára Toyota àtijọ́, gíà rọ́bà kékeré kan nídìí gíábọ́ọ̀sì ló ń yí mítà náà, wọ́n sì ń ta oríṣiríṣi iye eyín rẹ̀ tí ẹ lè fi tún un ṣe.