Omi Tí Mo Pọn

Ẹni tó bá ń pe ọ̀wẹ̀ ní iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kò tíì bẹ ọ̀wẹ̀ rí. Ní abúlé wa, kí àkùkọ tó kọ ni ọbẹ̀ ọlọ́wẹ̀ ti wà lórí iná, ẹmu ti wà nílẹ̀, iṣu ti jinná fún gígún. Bí ọbẹ̀ náà kò bá dùn, oko mẹ́ta sí i ni wọ́n á ti máa sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àáró ló ní gbèsè nínú. Bí o bá kọ igba ebè fún mi lónìí, igba ni n óò kọ fún ọ lọ́jọ́ tó bá kàn ọ́, kò ní dín, kò ní lé. Ti ọ̀wẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé àna rẹ ń jò, o kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ sẹ́yìn lọ síbẹ̀; ta ni yóò ka iye koóko tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé gun òkè? Àìwá nìkan ni wọ́n ń kà, wọn kì í sì í gbàgbé rẹ̀.

Ọ̀wẹ̀ yìí náà la fi kọ́ ilé ẹ̀kọ́ wa. Láti 1952 tí S. O. Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ti gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ni àwọn àgbà ti ń gbọ́ ọ. Wọ́n wá dá ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà yóò bẹ̀rẹ̀: 17 oṣù kìn-ín-ní, 1955. Lápá Ìwọ̀ Oòrùn, àwọn ọmọ tó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 457,000 ní 1954. Ọdún kejì wọ́n ti lé ní 811,000. Ibo ni gbogbo wọn fẹ́ jókòó sí?

Àsìkò kókó ni, ọwọ́ dí, ṣùgbọ́n ọyẹ́ ti dé, ògiri á tètè gbẹ. Àwọn ọkùnrin ń fi ẹsẹ̀ po amọ̀. Wọ́n á mọ ọ́n dé orókùn, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á tún padà wá mọ ọ́n dé ìbàdí. Àwọn obìnrin àti ọmọdé ló ń pọn omi. Lọ́jọ́ kejì ọ̀wẹ̀, sòbìyà ti da bàbá mi dùbúlẹ̀, kò lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ó rán mi lọ pẹ̀lú agbè omi kan àti àkùkọ kan. Ó ní kí n sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ òun ni kò wá, òun wá. Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó gba àkùkọ, ó sì rán mi padà sódò.

Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ní kí n gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kí n fi kan etí òsì. Ó kàn án. Wọ́n gbà mí.

Àkọ́rọ̀ òjò wó igun kan lára ògiri lọ́dún yẹn. Títí di òní, àwọn tá a jọ wà ní kíláàsì ní omi tí mo pọn ló pọ̀ jù nínú amọ̀ ibẹ̀.