Gáàsì CFC àti Ìpinnu Montreal, 1974 sí 1992

Ní 1974, Mario Molina àti F. Sherwood Rowland, onímọ̀ kẹ́míkà ní Yunifásítì California ní Irvine, gbé iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Wọ́n ní gáàsì CFC, tí wọ́n ń lò nígbà náà nínú fíríìjì àti agolo afínfín, kì í tètè bàjẹ́. Ńṣe ló ń gòkè títí yóò fi dé ibi tí oòrùn ti ń fọ́ ọ. Ibẹ̀ ni chlorine inú rẹ̀ yóò ti máa jẹ ozone tó ń gba ìtànṣán burúkú oòrùn dúró fún wa. Ìṣirò ni o. Kò tíì sẹ́ni tó fojú rí i.

Èló ni yóò run? Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ní 1976, National Academy of Sciences ti Amẹ́ríkà fojú bù ú sí nǹkan bí ìdá 7 nínú 100. Ní 1979 wọ́n gbé e kọjá 16. Ní 1982 ó wálẹ̀ sí 5 sí 9. Ní 1984 ó di 2 sí 4. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Bí wọ́n bá ti tún bí kẹ́míkà kan ṣe ń yára jẹ òmíràn wọ̀n ní yàrá àyẹ̀wò, gbogbo ìṣirò a yí. Àwọn tó ń ṣe gáàsì náà rí ọ̀rọ̀ sọ: kí ìjọba ṣì ní sùúrù. Amẹ́ríkà ti fòfin de CFC nínú ọ̀pọ̀ agolo afínfín ní 1978, ṣùgbọ́n bí iye náà ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ìtara ń rọ.

Ní ibùdó Halley, lórí yìnyín Antarctica, àwọn ará Britain ti ń fi ẹ̀rọ Dobson wọn ozone láti ìparí àwọn ọdún 1950, wọ́n sì ń fọwọ́ kọ ohun tí wọ́n rí. Jonathan Shanklin ló ń kó àkọsílẹ̀ wọ̀nyí sínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí iye oṣù October ń já wálẹ̀ lọ́dọọdún, Joseph Farman kọ́kọ́ fura sí ẹ̀rọ tó ti gbó. Wọ́n fi tuntun ránṣẹ́. Ohun kan náà lòun náà rí. Ní May 1985, àwọn méjèèjì àti Brian Gardiner kéde rẹ̀: ohun tó ń tó 300 tẹ́lẹ̀ lórí òṣùwọ̀n Dobson ti bọ́ sísàlẹ̀ 200. Sátẹ́láìtì NASA náà ti rí i, àmọ́ kọ̀ǹpútà ti sàmì sí iye tó kéré tó bẹ́ẹ̀ bí ohun tó ṣeé ṣe kó jẹ́ àṣìṣe.

Lójú tèmi, ibi tó wúwo jù nìyí. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi jiyàn lórí 2 títí dé 16, ohun tó ṣẹlẹ̀ kò sì sí nínú rẹ̀ rárá, torí kò sẹ́ni tó ka ìkùukùu yìnyín Antarctica, tó ń mú kí chlorine tètè jẹ ozone, mọ́ ìṣirò.

Ìwé àdéhùn Montreal di fífọwọ́sí ní 16 September 1987: kí wọ́n dín CFC kù sí ìdajì. Lóṣù yẹn gan-an, ọkọ̀ òfuurufú NASA ṣì ń gbéra ní Punta Arenas, ní Chile, láti wá ohun tó fa ihò inú ozone Antarctica náà. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé, láti 1990, ó kéré tán lọ́dún mẹ́rin-mẹ́rin, kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò. Ní London, ní 1990, ìdajì di òpin pátápátá, tó gbọ́dọ̀ dé kó tó di 2000. Ní Copenhagen, ní 1992, wọ́n fà á wá sí 1996 fún àwọn orílẹ̀-èdè olówó.