Àìsùn Òkú àti Ẹkún Arò ní Ìgbèríko Írẹ́lándì

Ní ìgbèríko Írẹ́lándì láyé àtijọ́, a kì í fi òkú nìkan sílẹ̀. Títí di ìgbà tí wọn yóò fi gbé e jáde, ará ilé àti aládùúgbò ní í máa ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru. Wọn a dá aago dúró, wọn a faṣọ bo dígí, wọn a sì ṣí fèrèsé kí ẹ̀mí lè rí ọ̀nà jáde. Ìkòkò tábà alámọ̀, áṣáà àti ọtí ni wọ́n fi ń ṣe àlejò. Bó bá jẹ́ òkú àgbà, eré àti ìtàn a máa lọ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́; bó bá jẹ́ òkú ọ̀fọ̀, eré kò sí níbẹ̀.

Àwọn obìnrin ló ni arò. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, tí wọ́n ń pè ní bean chaointe, a dúró ti òkú, a ka ìran rẹ̀, a yìn ín, àwọn ìyókù a sì máa gbè é. Arò a tún máa fẹ̀sùn kan ọ̀tá. Ní 1773, wọ́n yìnbọn pa Art Ó Laoghaire ní Carriganima, ní agbègbè Cork. Nínú arò tí a mọ̀ mọ́ Eibhlín Dubh Ní Chonaill, aya rẹ̀, ó gbé Abraham Morris, tó jẹ́ ọ̀tá ọkọ rẹ̀, ṣépè.

Ìjọ Àgùdà kò fara mọ́ èyí. Láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni àwọn bíṣọ́ọ̀bù ti ń fòfin de arò àti eré àìsùn. Ní 1927, ìpàdé wọn ní Maynooth ṣì ń bá àìsùn aláìbójúmu wí. Òfin tí a ń tún pa léraléra jẹ́ ẹ̀rí pé wọn kò pa á mọ́. Kókó ìjà náà ni pé: ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀ lórí òkú, àlùfáà ni tàbí obìnrin abúlé?

Síbẹ̀, òfin nìkan kọ́ ló pa arò. Ìyàn ńlá 1845 sí 1852 pa nǹkan bíi 1,000,000 ènìyàn, ó sì lé ọ̀pọ̀ mìíràn lọ sókè òkun. Àwọn tálákà tó ń sọ èdè Gaelic ló kọlù jù, èdè yìí gan-an sì ni arò ń lò. Bí èdè ti ń fà sẹ́yìn ni arò ń pàdánù ẹnu. Àìsùn ní tirẹ̀ kò parun: wọ́n tilẹ̀ ń ṣe é fún ọmọ tó ń lọ sí Amẹ́ríkà, nítorí wọn kò retí àtirí i mọ́.

Nígbà tí Àjọ Ìtàn Ìbílẹ̀ Írẹ́lándì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1935, ohun tí àwọn arúgbó rántí ni wọ́n kọ sílẹ̀ jù lọ. Lónìí, wọ́n ṣì ń ṣọ́ òkú ní ọ̀pọ̀ abúlé Írẹ́lándì. Àdúrà rósárì àti tíì kò kúrò níbẹ̀. Ohùn obìnrin tó ń bá òkú sọ̀rọ̀ ló ti dákẹ́.