Aṣọ Ijó Méjì ní Ọ̀rúndún Kọkàndínlógún: Agọ̀ Egúngún àti Yẹ̀rì Ballet

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní aṣọ là á kí kí a tó kí ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ oníjó rí. Kí ó tó gbé ẹsẹ̀, aṣọ rẹ̀ ti sọ ohun tí a ó rí àti ohun tí a kò ní rí. Nínú àròkọ yìí, a ó wo aṣọ ijó méjì tí ìtàn wọn bọ́ sí ìgbà kan náà: agọ̀ àwọn egúngún alárìnjó nílẹ̀ Yorùbá, àti tutu, yẹ̀rì tí àwọn obìnrin òyìnbó fi ń jó ballet. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gbà pé yẹ̀rì òyìnbó ní ìtàn, ṣùgbọ́n pé bí agọ̀ ti wà láti ìwáṣẹ̀ náà ni ó ṣì wà. Èrò yìí kò tọ̀nà.

Ní oṣù Kínní ọdún 1826, Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland, dé Ọ̀yọ́-Ilé ní ayé Aláàfin Májòtú. Ní oṣù Kejì, a ṣe eré fún un láàfin. Ọ̀nà mẹ́ta ni eré náà pín sí. Àwọn oníjó tí ó wà nínú ohun tí Clapperton pè ní àpò ni ó kọ́kọ́ jáde, tí wọ́n jó tí wọ́n sì tàkìtì. Lẹ́yìn wọn ni ejò ńlá jáde. Ẹ̀kẹta ni òyìnbó kan, funfun, tín-ín-rín, tí òtútù ń mú, tí ó ń rọra gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tí kò rìn láìwọ bàtà rí. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín títí. Clapperton kú ní ọdún 1827, ṣùgbọ́n ìwé ìrìnàjò rẹ̀ jáde ní ọdún 1829. Ohun tí ó kọ sílẹ̀ yìí wà lára ẹ̀rí tí Joel Adedeji lò nígbà tí ó kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé lórí eré alárìnjó ní Yunifásítì Ìbàdàn, ní ọdún 1969.

Clapperton yin ijó náà, ṣùgbọ́n àpò nìkan ni ojú rẹ̀ rí. Agọ̀ tí egúngún ń gbé kì í ṣe àpò lásán. Ó bo ará ọ̀run láti orí dé ẹsẹ̀, ojú àwọ̀n ni ó fi ń ríran. Àwọn onímọ̀ ṣàlàyé pé aṣọ tí ó sún mọ́ ara jù lọ máa ń jọ èyí tí a fi ń sin òkú. Lórí rẹ̀ ni a ń rán àwọn mìíràn mọ́, ìpele lórí ìpele, bí àwọn ọmọ ilé bá ti ń fi kún un láti ọdún dé ọdún. Bí egúngún bá wá ń yí bí òòyì, àwọn aṣọ náà a fẹ̀, atẹ́gùn wọn a sì kan àwọn tí ó dúró, wọ́n a gbà á gẹ́gẹ́ bí ìre.

Nínú àwọn ìpele yìí ni a ti lè ka ìtàn òwò. Sányán wá láti inú ìdin igbó ilẹ̀ wa. Òwú sílíìkì pupa tí a fi ń hun àlàárì gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Àrán àti àwọn aṣọ òyìnbó gba etíkun wọlé. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ní nǹkan bí ọdún 1835, àwọn ènìyàn rẹ̀ sá wá sí ìhà gúúsù, wọ́n sì gbé egúngún wọn dání. Púpọ̀ nínú wọn fi Ìbàdàn ṣe ibùgbé. Ìtàn yìí kò jìnnà sí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbé ní Ajibode tàbí ní abúlé mìíràn ní Akínyẹlé.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn eré Ọ̀yọ́-Ilé, ní oṣù Kẹta ọdún 1832, Marie Taglioni jó La Sylphide ní ìlú Paris. Iwin ni ó ṣe nínú eré náà. Aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ó wọ̀, tí ó gùn kọjá orúnkún, kí ó lè dà bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé òun náà ń fara hàn bí ẹni tí kì í ṣe ará ayé. Òwò àti ẹ̀rọ wà lẹ́yìn aṣọ tirẹ̀ náà: láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún náà ni ẹ̀rọ John Heathcoat ti ń hun aṣọ bí àwọ̀n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ṣùgbọ́n aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ a máa tètè gbaná, iná gáàsì ni wọ́n sì ń tàn sí orí ìtàgé. Wọ́n ti mọ egbòogi tí a lè rẹ aṣọ sí kí iná má baà ràn án, àmọ́ ó ń mú kí aṣọ le, ó sì ń ba funfun rẹ̀ jẹ́. Emma Livry, ọ̀dọ́mọbìnrin oníjó, kọ̀ ọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1862, nígbà tí wọ́n ń dánra wò, iná mú yẹ̀rì rẹ̀. Ó jẹ̀rora fún oṣù mẹ́jọ kí ó tó kú ní ọdún 1863, ní ẹni ogún ọdún. Nígbà tí ọ̀rúndún náà ń parí lọ, wọ́n gé yẹ̀rì náà kúrú, nítorí pé iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni òǹwòran ń fẹ́ rí. Nígbà tí Pierina Legnani yí lórí ẹsẹ̀ kan ní ìgbà 32 nínú Swan Lake ní Rọ́ṣíà ní ọdún 1895, ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn kedere.

Nítorí náà, ní ọ̀rúndún kan ṣoṣo, yẹ̀rì ń kúrú kí ara oníjó lè hàn, agọ̀ sì ń nípọn sí i kí ara ènìyàn má baà hàn rárá. Kò sí èyí tí ó ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì. Bí a bá wí fún ọmọ pé ọ̀kan jẹ́ iṣẹ́ ọnà, èkejì jẹ́ àkísà, a ti fi ojú àlejò kọ́ ọ ní ilé baba rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín bi aṣọ méjèèjì ní ìbéèrè kan náà: níbo ni òwú rẹ̀ ti wá? Kí ni ó fi hàn, kí ni ó bò? Ta ni ó ń jìyà rẹ̀? Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà tí ó wà lábẹ́ agọ̀ náà, ìwé ìtàn wa ni.