Owó-orí lórí iṣẹ́ tí a gbé fún ilé-iṣẹ́ òkèèrè ní Nàìjíríà

Owó-orí lórí iṣẹ́ tí a gbé fún ilé-iṣẹ́ òkèèrè ni owó-orí tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ń gbà nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan nílé bá sanwó fún ilé-iṣẹ́ tí kò fìdí kalẹ̀ sí Nàìjíríà láti bá a ṣe iṣẹ́, bí ìṣirò owó, ìmọ̀ràn tàbí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Òfin owó-orí kò ka gbígbé iṣẹ́ fún ará òkèèrè léèwọ̀. Owó tó ń jáde lọ ni ó bu owó-orí lé, ilé-iṣẹ́ tó wà nílé ni ó sì gbé ojúṣe náà lé lórí, nítorí pé òun ni ọwọ́ ìjọba tó.

Irú owó-orí méjì

Èkíní ni VAT, owó-orí ọjà àti iṣẹ́, tí ó jẹ́ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún láti oṣù Kejì ọdún 2020. Bí ará òkèèrè kò bá gbà á, ẹni tó ra iṣẹ́ ni yóò ṣírò rẹ̀, tí yóò sì san án. Èkejì ni owó-orí àyọsílẹ̀: a ń yọ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú owó iṣẹ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ, ìṣàkóso tàbí ìmọ̀ràn kí a tó fi ìyókù ránṣẹ́.

Bí àpẹẹrẹ, bí ilé-iṣẹ́ kan ní Awo tàbí Ẹdẹ, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, bá gbé iṣẹ́ ìmọ̀ràn ₦1,000,000 fún ará òkèèrè, yóò yọ ₦100,000 sílẹ̀ fún ìjọba, yóò fi ₦900,000 ránṣẹ́, yóò sì san ₦75,000 VAT lọ́tọ̀. Bí ará òkèèrè náà bá fàáké kọ́rí pé mílíọ̀nù kan pípé ni òun yóò gbà, owó iṣẹ́ yóò di nǹkan bí ₦1,111,000 kí a tó ka VAT mọ́ ọn. Báyìí ni owó-orí àlejò ṣe ń padà di ẹrù onílé.

Ẹjọ́ Vodacom

Vodacom Business Nigeria ra ìlà ìbánisọ̀rọ̀ sátẹ́láìtì lọ́wọ́ New Skies Satellites ti orílẹ̀-èdè Netherlands. Àjọ agbowó-orí ìjọba àpapọ̀, FIRS, ní kí ó san VAT. Vodacom ní ilé-iṣẹ́ náà kò sí ní Nàìjíríà, kò sì gba VAT lọ́wọ́ òun. Ṣáájú èyí, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó-orí ti dá Gazprom láre nínú ẹjọ́ tó jọ ọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹfà ọdún 2019, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn dá FIRS láre: ibi tí a ti gba iṣẹ́ ni owó-orí ń tọ̀.

Àyípadà òfin

Òfin Ìṣúná ọdún 2019, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2020, fi ìlànà yìí sínú òfin VAT. Òfin Owó-orí Nàìjíríà tí Ààrẹ Bola Tinubu buwọ́ lù ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2026. Tẹ́lẹ̀, VAT tí oníṣòwò san lórí iṣẹ́ kò ṣe é gbà padà. Òfin tuntun gbà á láyè láti yọ ọ́ kúrò nínú VAT tí òun náà gbà lọ́wọ́ oníbàárà.

Ní òkèèrè

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Sẹ́nétọ̀ Bernie Moreno gbé àbádòfin kan kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí a ń pè ní HIRE Act. Ó dábàá owó-orí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó tí ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà bá san fún òṣìṣẹ́ òkèèrè. Irú òfin bẹ́ẹ̀ lè kan àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń ti ilé ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.