Ẹ̀rọ Agbohùnsílẹ̀ Olówó Pọ́ọ́kú: Láti Orí Ìda Dé Orí Fóònù

Àwọn kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ti ń ṣe pọ́díkáàsì báyìí, ìbéèrè kan náà ni ẹ sì ń bi mí léraléra: "Prof, irú ẹ̀rọ wo ni kí n rà tí kò ní gbọ́n àpò mi gbẹ?" Ìtàn ni màá fi dáhùn. Ẹni tó bá mọ ibi tí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ti ń bọ̀, kò sí ọlọ́jà tó lè ta ohun tí kò nílò fún un.

Ní 1877 ni Thomas Edison ṣe ẹ̀rọ tó lè gba ohùn sílẹ̀ kó sì tún sọ ọ́ padà. Nígbà tó fi máa di 1890, Jesse Walter Fewkes ti gbé e tọ àwọn ọmọ onílẹ̀ Passamaquoddy lọ ní Amẹ́ríkà, láti gba èdè àti orin wọn sílẹ̀. Níhìn-ín ńkọ́? Northcote Thomas, onímọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn tí ìjọba amúnisìn gbà síṣẹ́, gbé irú rẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Ẹdó àti ilẹ̀ Ìgbò láàárín 1909 sí 1913. Kò sí iná mànàmáná nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á sún mọ́ ẹnu ìwo kan, á gbé ohùn sókè, abẹ́rẹ́ á sì máa fín ohùn náà sára ìda. Kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ tí ìda náà á ti kún. Ta ló lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fọ̀rọ̀ wá ènìyàn lẹ́nu wò fún wákàtí kan?

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dáadáa ni Lorenzo Dow Turner, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè bíi tiwa. Láti 1932 ló ti ń gba ohùn àwọn Gullah sílẹ̀ ní àwọn erékùṣù South Carolina àti Georgia. Ní 1940, ó gbé ẹ̀rọ tó ń kọ ohùn sára àwo lọ sí Bahia ní Brazil. Ẹ̀rọ náà wúwo, àwo kan kì í pẹ́ kún, ariwo abẹ́rẹ́ sì ń dún lábẹ́ ọ̀rọ̀. Síbẹ̀, ohùn Martiniano Eliseu do Bonfim wà nínú ohun tó gbà sílẹ̀. Bàbá yìí, tí wọ́n bí ní 1859, ti gbé Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà èwe rẹ̀, ó sì gbọ́ Yorùbá. Ní 1943 ló kú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ọdún yẹn dáadáa. Ẹ̀rọ téèpù tó sàn jù ti wà ní Jámánì. Wọ́n pàtẹ rẹ̀ ní Berlin ní 1935. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ogun ló tó dé ọwọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà. Ká ní Turner ní òun ń dúró de ẹ̀rọ tó dára ni, ohùn bàbá yẹn ì bá ti bá a wọlẹ̀. Lónìí, ó wà ní Yunifásítì Indiana, ariwo abẹ́rẹ́ àti gbogbo rẹ̀.

Téèpù náà ní ìyọnu tirẹ̀. Ẹ̀rọ Uher tí wọ́n ṣe ní Munich ní 1961 dára púpọ̀, ó ń lo bátìrì, ó ṣeé gbé kọ́ èjìká, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé inú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n máa ń tì í mọ́. (Ẹ̀yin tí ẹ ti bẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ rí, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.) Kásẹ́ẹ̀tì tí Philips gbé jáde ní 1963 ló tú u sílẹ̀ fún mẹ̀kúnnù. Àmọ́ bí bátìrì bá ti ń kú lọ, téèpù á máa fà. Bí a bá wá fi bátìrì tuntun gbọ́ ọ, àgbàlagbà á máa dún bí ọmọdé. Fún èdè olóhùn bíi tiwa, ìyà kékeré kọ́ nìyẹn fún ẹni tó fẹ́ wọn ìró ohùn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ìtàn máa ń gbàgbé ni máìkì. Máìkì tó ń gbọ́ ohùn fínnífínní nígbà yẹn nílò iná tirẹ̀ lọ́tọ̀, owó rẹ̀ sì ga. Ní 1962, James West, aláwọ̀ dúdú ọmọ Virginia, àti Gerhard Sessler, ọmọ Jámánì, tí àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs, lo awẹ́ Teflon fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó lè di iná mú sára fúnra rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Báyìí ni máìkì dáadáa ṣe kéré bí èkùrọ́, tí owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ máìkì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ọrùn aṣọ lónìí, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn méjèèjì ni.

Òun gan-an ni mo ní kí ẹ rà. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín ti ju ẹ̀rọ Turner lọ fíìfíì, ẹ má wulẹ̀ ra àpótí mìíràn. Bí ẹ bá gbé máìkì láti mítà 1 wá sí sẹ̀ǹtímítà 25 sí ẹnu, agbára ohùn tó ń wọlé tààrà á di ìlọ́po 16, nígbà tí ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò á ṣì wà ní ìwọ̀n tó wà. Kò sí ẹ̀rọ olówó ńlá tó máa ṣe ìyẹn fún yín láti orí tábìlì òdìkejì. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ẹnu wáyà rẹ̀ o: èyí tó ní òrùka dúdú mẹ́ta ló wà fún fóònù tó ní ihò íápíìsì, olóòrùka méjì, ẹ̀rọ mìíràn ló ni ín.

Bí ẹ bá jẹ́ ẹni méjì, ẹ lo fóònù méjì, máìkì kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan sì pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níbẹ̀rẹ̀ kí ẹ lè rí ibi tí ẹ ó ti so ohùn méjèèjì pọ̀. WAV ni kí ẹ fi gbà á, kì í ṣe MP3. Wákàtí kan kò gbà ju nǹkan bíi 350 MB lọ. Ẹ pa fáànù, ẹ má ṣe jókòó sábẹ́ páànù nígbà òjò. Bí áàpù yín bá ń pa ariwo rẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ pa ìyẹn náà jàre: ohùn ìsàlẹ̀ tó bá bọ́ sí òpin gbólóhùn máa ń rẹlẹ̀, áàpù lè kà á mọ́ ariwo kó sì gbé e mì. Èyí tó bá kù, MP3 àti orin ìbẹ̀rẹ̀ àti gbogbo ẹ̀ṣọ́ yín, ẹ lè ṣe é lẹ́yìn tí bàbá tàbí ìyá tí ẹ lọ bá ti sọ̀rọ̀ tán.